Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Ní Ìpàdé Ẹgbẹ́: Kíkọ Olú Inú Igbó Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ olú ni a bá wá lónìí.

Nílé, bí òjò bá ti dá, ẹ̀bá ọ̀gán ni àwọn ìyá wa máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ikán ni ó ń gbin olú ọ̀gán sínú ilé rẹ̀, tí ó sì ń fi í ṣe oúnjẹ. Àwa tí a ti ilé wá mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí òkè Ọya níhìn-ín kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ń bà wá lẹ́rù nìyí: ẹlòmíràn a rí olú lóko níhìn-ín, a ní ó jọ ti ilé, a sì fẹ́ sè é. Jíjọra kì í ṣe jíjẹ́ ọ̀kan náà. Olú kan ń bẹ ní Yúróòpù tí à ń pè ní Amanita phalloides. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lè wà fún wákàtí 6 sí 12, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí èébì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́, ó sì ń pani.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á máa kọ olú sílẹ̀. Ní 1975, B. A. Oso kọ̀wé lórí olú àti àwọn Yorùbá nínú ìwé Mycologia. Àwa náà lè ṣe tiwa.

Bí a bá rí olú, kí á wa gbogbo rẹ̀ tìdí-tìdí, nítorí ìdí ni àmì olóró mìíràn wà. Kí á kọ ọjọ́, ibi tí a ti rí i, bóyá ilẹ̀, igi tàbí ọ̀gán ni ó hù sí, àwọ̀ àti òórùn rẹ̀, àti orúkọ tí àwọn àgbà wa àti àwọn Haúsá aládùúgbò wa ń pè é. Kí á gé orí ọ̀kan, kí á dojú rẹ̀ dé tákàdá funfun di òwúrọ̀. Àwọ̀ eruku tí ó bá jábọ́ yóò ran onímọ̀ lọ́wọ́. Kí á fi ooru wẹ́rẹ́ mú olú ìyókù gbẹ, kí á fi í sínú àpò tákàdá. Nọ́ńbà kan náà ni kí ó wà lára àpò àti lára ìwé.

Àwa oníṣòwò mọ èyí: ẹrù tí kò ní ìwé, ta ni yóò mọ ibi tí ó ti wá? Ìwé tí kò sì ní ẹrù, kí ni a ó yẹ̀ wò? Olú gbígbẹ a máa pàdánù àwọ̀ rẹ̀. Ìwé ni yóò sọ ọ́. Ìwé lè ṣì í kọ. Olú gbígbẹ ni yóò tún un ṣe.

Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ní ilé ìpamọ́ ewéko gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kí á bèèrè lọ́wọ́ wọn kí á tó gbé tiwa lọ. Ṣùgbọ́n olú tí ẹ kò bá dá mọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sè é. Ọlọ́run yóò máa pa gbogbo wa mọ́.