Yanrìn Abẹ́ Oko Wa: Ìtọ́jú Ilẹ̀ ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gberefu, ní Topo, ní Ajido, títí dé ìhà Seme, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1994, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò ní ìlú Paris lórí àdéhùn láti gbógun ti aṣálẹ̀. Bí a bá gbọ́ aṣálẹ̀, Yobe àti Katsina ni ọkàn wa máa ń lọ, níbi tí yanrìn ti ń bo oko mọ́lẹ̀. A ó ní kò kàn wá, òjò ń rọ̀ ní tiwa, omi ló sì yí wa ká. Òótọ́ ni, ilẹ̀ gbígbẹ ni àdéhùn yẹn ń sọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ lè ṣá níbi tí òjò ti ń rọ̀, tiwa sì yá láti ṣá nítorí pé orí yanrìn la ń dáko sí.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ oko yín díẹ̀ kí ẹ wò ó. Lókè, ẹ ó rí erùpẹ̀ dúdú tín-ínrín. Lábẹ́ rẹ̀, yanrìn funfun ni. Dúdú yẹn ni ewé tó jẹrà, gbòǹgbò tó kú àti ìgbẹ́ ẹran. Òun ló ń di omi mú, òun náà ló ń di oúnjẹ ọ̀gbìn mú. Yanrìn fúnra rẹ̀ kì í di nǹkan kan mú. Ajílẹ̀ tí ẹ fowó rà, bí ẹ bá dà á sórí yanrìn òfìfo, òjò á fọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ kí gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ tó mọ̀ pé nǹkan kan kọjá.

Lọ́dún tó kọjá, mo dé oko bàbá kan nítòsí ọ̀nà Seme. Aládùúgbò rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ti ta yanrìn ilẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn onítípà. Kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ jìn ju ènìyàn lọ. Nígbà tí òjò dé, etí kòtò ń ya díẹ̀díẹ̀, ó ré ààlà kọjá, àgbọn 4 tó ń so lọ́wọ́ sì ya lulẹ̀ sínú rẹ̀. Bàbá náà ní, "Èmi kò ta nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti bá mi tà á." Mi ò lè bú ọ̀dọ́mọkùnrin náà pátápátá. Owó ilé ìwé ọmọ ló ń wá, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò sì ta gbòǹgbò dáadáa mọ́. Ilẹ̀ tó ti ṣá ló jẹ́ kí ó gbà láti tà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń ta yanrìn. Àgbọn gíga tí a bá tọ́jú lè so fún ọdún 60. Láti ọdún 1876 tí àwọn Àgùdà ti dá ibùdó oko sílẹ̀ ní Topo ni wọ́n ti gbin àgbọn síbẹ̀. Ilẹ̀ tí a ti gbẹ́ dé omi kò ní gba àgbọn, kò ní gba ẹ̀gẹ́, ẹ̀fọn nìkan ni yóò gbà.

Ti etí òkun gan-an tún le ju èyí lọ. Ní etíkun wa yìí, láti ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń ti yanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Yanrìn tó wà ní Seme lónìí, ó ń bọ̀ wá sí Gberefu. Ibi tí a bá ti dá a dúró, ẹni tó wà níwájú ni òkun máa ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ní Tógò, lẹ́yìn tí wọ́n ṣí èbúté Lomé ní 1968, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ìhà Aného. Bákan náà ló rí ní ìlà-oòrùn Kútọnu lẹ́yìn èbúté tiwọn. Ní Èkó níhìn-ín, láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀sà, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1908, ni òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Victoria Island. Àwa kò lè wó èbúté. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó yanrìn etí òkun lọ́wọ́ ara rẹ̀ ń ran òkun lọ́wọ́ ni. Ewéko tó ń fà lórí yanrìn yẹn, tí òdòdó rẹ̀ jọ ti ọ̀dùnkún, ẹ má tu ú. Òun ló ń so yanrìn pọ̀.

Nínú oko, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dáná sun imọ̀ àgbọn àti èèpo rẹ̀ mọ́. Èèpo tó bá mu omi yó máa ń pa ọ̀pọ̀ omi mọ́ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ tò ó yí ìdí àgbọn ká, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí igi náà díẹ̀, kí ẹ sì fi imọ̀ bò ó. Ẹ má kàn kó o jọ gègèrè, torí kòkòrò oníwo tó ń jẹ ọkàn àgbọn fẹ́ràn láti yé ẹyin sínú ohun tó ń jẹrà. Igi àgbọn tó ti kú nìkan ni mo fọwọ́ sí pé kí ẹ gé, kí ẹ là, kí ẹ sì sun, nítorí kòkòrò yẹn kan náà.

Bí ẹ bá ń gbin àgbọn gíga, ẹ fi nǹkan bí mítà 9 sí àárín igi kan sí èkejì. Àyè tó ṣẹ́kù kì í ṣe ti koríko. Ẹ gbin ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sí i, kí ẹ sì ro àwókù wọn mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Bí ẹ bá gbin ẹ̀gẹ́ lọ́dún yìí, ẹ má gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná dára púpọ̀ lórí yanrìn, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi sí i, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ àgbọn tó dára, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ LASCODA, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbọn.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan ẹja, ọ̀rọ̀ yín rèé. Igi ẹ̀gbà etí ọ̀sà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń tẹ omi bí ẹsẹ̀ alákàn, ń jó dáadáa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ẹja àti akàn ń dàgbà sí, gbòǹgbò rẹ̀ ló sì di etí ọ̀sà mú. Ní Chorkor, abúlé apẹja kan ní Accra, wọ́n ṣe ààrò amọ̀ kan tí àwọ̀n ẹja ń gun ara wọn lórí. Igi tó ń jẹ kò tó ti ààrò àtijọ́ rárá. Amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù, pákó àti àwọ̀n irin ni gbogbo ohun èlò rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan lè dá owó jọ kọ́ ọ̀kan kí ẹ kọ́kọ́ wò ó.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yanrìn wá sí ìpàdé yín tó ń bọ̀ kí onítípà tó dé. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ta yanrìn oko láìfi tó aládùúgbò tó bá a pààlà létí, kí ẹ sì béèrè ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí owó ilé ìwé bá sì ká mọ́, kí ẹgbẹ́ yá a nínú owó àjọ, kí ó sì san án padà nígbà tí àgbọn bá jáde. Bàbá ọ̀nà Seme ti gbin àgbọn 4 mìíràn, ó sì fi ìṣísẹ̀ 20 jìnnà sí etí kòtò náà.