Nígbà tí Ìjọba bá Ń Ra Ọjà

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ sún mọ́ rédíò, kí ẹ sì mú pẹ́ńsùlù dání, nítorí a ó ṣe ìṣirò díẹ̀.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣàngó Toll Gate lónìí, kò sí ẹni tí yóò gba owó ibodè lọ́wọ́ awakọ̀ yín. Ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí owó náà ní ọdún 2004. Orúkọ nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró díẹ̀, ẹ ó rí ìyá kan tó fẹ́ ra garawa. Yóò béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, yóò ní ó ti wọ́n jù, yóò sì kọjá sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Yóò dojú garawa dé, yóò fi ìka kan ìdí rẹ̀ wò bóyá ó ti sán. Owó ara rẹ̀ ló ń ná, ó sì mọ iye omi tí ilé òun ń lò lójúmọ́.

Ìjọba náà ń ra garawa. Ó ń ra tábìlì, bébà, òògùn àti epo ọkọ̀, àwọn ọjà tó ti wà lórí àtẹ kí ó tó béèrè wọn. Ó ń gba àwọn tí yóò gbálẹ̀ àti àwọn tí yóò ṣọ́nà. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ìjọba rán lọ ra ọjà kò ná owó ara rẹ̀, àtipé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹlòmíràn ni yóò lo ohun tó rà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Ewékorò, tí wọ́n ń gba Ṣàngó kọjá lọ sí Èkó. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, sìmẹ́ǹtì ló kó ìjọba wa sí ìtìjú lójú gbogbo ayé.

Ní ọdún 1974 sí 1975, owó epo rọ̀bì kún àpò ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon. Wọ́n fẹ́ kọ́ bárékè fún àwọn sójà, wọ́n fẹ́ la títì. Wọ́n bá ránṣẹ́ ra sìmẹ́ǹtì sí òkè òkun, nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ ètò ààbò nìkan ló ni 16 mílíọ̀nù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, àpò oní-50 kílò 20 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po. Àpò 400 mílíọ̀nù ni!

Ìdá kékeré nínú rẹ̀ nìkan ni èbúté Èkó lè gbà láàrin ọdún kan. Ọkọ̀ òkun tó lé ní 400 ló tò sójú omi, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbé sìmẹ́ǹtì, oúnjẹ àti ẹrù mìíràn sì há sẹ́yìn wọn. Àdéhùn sì wà pé bí ọkọ̀ bá dúró kọjá ọjọ́ tí a dá, ìjọba yóò san owó ìdádúró lójoojúmọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ kan rí i pé ìdúró lérè ju ìrìn lọ. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí àpò, sìmẹ́ǹtì sì ń di òkúta. Ní July 29, 1975, wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon, ìjọba tó tẹ̀ lé e sì gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Olè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń pariwo bí a bá sọ ìtàn yìí, n kò sì ní kò sí níbẹ̀. Èmi ń wo ohun mìíràn. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ìyá olómi yẹn mọ̀ kí ó tó kúrò nílé: mélòó ni mo nílò, níbo ni n ó sì gbé e sí?

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní June 4, 2007 fẹ́ fi ọgbọ́n ìyá náà kọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ní kí a kọ́kọ́ ṣètò ohun tí a fẹ́. Bí iṣẹ́ bá tóbi, kí a kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí olùtajà fi iye tirẹ̀ sínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, kí a sì tú u lójú gbogbo wọn. Ẹni tó bá gé iṣẹ́ ńlá wẹ́wẹ́ kí ó lè yẹ òfin sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Ó tún ní bí ìjọba bá jẹ olùtajà lówó kọjá 60 ọjọ́, kí ó san èlé. Èyí ṣe pàtàkì fún ọlọ́jà kékeré tó yáwó ra ọjà.

Òfin náà kò ní kí a máa ra èyí tó pọ̀ọ́kú lásán. Ó ní èyí tí owó rẹ̀ kéré jù láàrin àwọn tó bá ohun tí a kọ sílẹ̀ mu. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣe olùkọ́ rí, wọ́n kó bẹ́ǹṣì tuntun wá fún wa. Igi rẹ̀ dára, owó rẹ̀ kò wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ni yóò jókòó sórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Wọ́n ń mì í dirodiro ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ́ wọn ní á, bí, dí. Àwa olùkọ́ la dáwó fún káfíńtà tó gé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà kúrú.

Nígbà tí wọ́n tún ní kí a kọ ohun tí a nílò wá lọ́dún kejì, ọ̀gá wa mú okùn ìwọ̀n aṣọ, ó pe ọmọ mẹ́ta jáde, ó wọn ẹsẹ̀ wọn láti orúnkún dé gìgísẹ̀, ó tó wá ṣí bírò rẹ̀.