Ewu Tí Ẹnìkan Ṣoṣo Mọ̀

 

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń jáde lónìí ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ni yóò máa bá àwọn tí ẹ kò fojú kàn rí ṣiṣẹ́: ẹ ó wà n'Íbàdàn, ọ̀gá yín á wà ní London. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ti ọkọ̀ ojú òfuurufú kan, Mars Climate Orbiter, fún yín.

Oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, rán ọkọ̀ náà sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Lockheed Martin tó kọ́ ọ wà ní Denver. Àwọn tó ń tọ́ ọ sọ́nà wà ní Pasadena, ní California. Denver fi ìwọ̀n pọ́n-ùn ṣírò agbára tí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ara ọkọ̀ náà fi ń tì í. Pasadena gbà pé ìwọ̀n newton ni. Ìlọ́po 4.45 ló wà láàárín méjèèjì. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, ọkọ̀ tó yẹ kó gba nǹkan bíi kìlómítà 226 lókè Mars kọjá sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 57. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe àṣìṣe ìṣirò yẹn. Àwọn atọ́nà kan ti rí i ṣáájú pé nǹkan kò dọ́gba. Ímeèlì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ ọ́. Wọn kò gbé e gba ọ̀nà tí iléeṣẹ́ là sílẹ̀ fún irú ìfura bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà sì rìn ju oṣù mẹ́sàn-án lọ. Àyè ìbéèrè wà.

Ọ̀nà kan wà tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò fi ní sọnù. Ọdún 2001 ni àwọn 17 tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pàdé ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah, tí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí à ń pè ní agile: kí á máa ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá iṣẹ́ wa mu: a kì í ṣí ìdajì afárá fún aráàlú. Ṣùgbọ́n ìtúpalẹ̀ ewu gbà á dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ìwé ewu, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó lè ba iṣẹ́ jẹ́, níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọn kì í wò ó mọ́ títí nǹkan á fi wó. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì méjì, kí gbogbo ikọ̀ jọ ṣí i: ewu wo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, èwo ló ti ga sí i, ta ni yóò bójú tó o, ọjọ́ wo ni yóò jábọ̀? Kí ará Èkó àti ará London máa rí ìwé kan náà. Ẹ kọ ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo nọ́ńbà. Kí ẹni tó jìnnà jù, tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń já, kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ọ̀gá sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. A tọ́ yín pé ọmọdé kì í pe àgbà ní òpùrọ́, ẹ̀kọ́ rere sì ni. Àmọ́ "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwọ̀n wo lẹ lò níbí?" kò rí àgbà kankan fín.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ibi iṣẹ́, ẹ béèrè ibi tí ìwé ewu wà, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣí i kẹ́yìn. Bí kò bá sí, ẹ fúnra yín ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.