Ímeèlì tá a fi ń polówó ọjà: ṣé ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé ni, àbí HTML?

Ìyá wa kan tí wọ́n ń ta aṣọ ọmọdé ló béèrè ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní ẹnì kan fẹ́ gbowó lọ́wọ́ àwọn láti ṣe ímeèlì aláràbarà tí àwọn á máa fi polówó ọjà. Ṣé kí àwọn sanwó ni, àbí kí àwọn kàn kọ ọ́ bí ẹni kọ lẹ́tà lórí fóònù? Ìbéèrè gidi ni, torí owó wà níbẹ̀, oníbàárà náà sì wà níbẹ̀.

Plain text, ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé nìyẹn. Kò ní àwọ̀, kò ní àwòrán, tẹ́ ẹ bá sì fi líǹkì sí i, gbogbo gígùn líǹkì yẹn ló máa hàn. HTML ni èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ló ń jẹ́ kí ímeèlì ní àwòrán àti bọ́tìnì tí èèyàn lè tẹ̀. Nígbà tí Ray Tomlinson fi ímeèlì ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lọ́dún 1971, ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé ni. Ẹ̀ṣọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ni.

Ohun táwọn tó ń ṣe é kì í sọ fún yín ni pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń pinnu bí HTML ṣe máa rí lójú ẹni tó gbà á. Áàpù tó fi ń kà á ló ń pinnu. Outlook orí Windows, láti ẹ̀dà 2007, ọgbọ́n Word ni Microsoft fi ń gbé ímeèlì jáde níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ohun tó tò dáadáa lórí Gmail lè fọ́n ká lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Gmail náà ní tiẹ̀: tí kóòdù ímeèlì yẹn bá ti ju nǹkan bíi 102 KB lọ, á gé e, á ní kí èèyàn tẹ ibì kan kó tó rí ìyókù. Ìsàlẹ̀ pátápátá sì ni líǹkì téèyàn fi ń yọ orúkọ ẹ̀ kúrò sábà máa ń wà. Tẹ́nì kan bá wá a tí ò rí i, spam ló máa tẹ̀, orúkọ yín ni yóò sì bàjẹ́ lọ́dọ̀ Gmail.

Èyí tó wá burú jù ni kéèyàn kó gbogbo ọ̀rọ̀ sínú flyer kan ṣoṣo. Mo ti rí ti ẹnì kan: iye owó, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà fóònù, gbogbo ẹ̀ wà nínú àwòrán. Ọjà Sálà ló sì ń polówó o! Ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì ò dáa níbi tó wà, tàbí tó ti pa àwòrán nítorí dátà, àpótí òfìfo ló rí. Kò rí nọ́ńbà tó máa pè. Afọ́jú tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sétí ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ náà: lẹ́tà ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé lè má ju 3 KB lọ, àwòrán mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 300 KB ti di 1,200 KB. Oníbàárà ló ń fi dátà tiẹ̀ sanwó ìpolówó yín yẹn.

Àmọ́ mi ò ní kẹ́ ẹ sọ HTML nù. Ta ló máa ra aṣọ tí ò rí? Ìyá wa, tó bá jẹ́ ọjà tuntun lẹ fẹ́ fi hàn, ẹ sanwó náà, ṣùgbọ́n ẹ ní kó jẹ́ àwòrán kan tàbí méjì tó fúyẹ́, kí iye owó àti nọ́ńbà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fún un lówó tán, ẹ pa àwòrán lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ kà á wò. Tó bá sì jẹ́ oníbàárà tó ti pẹ́ tó wá, tàbí ẹni tó jẹ yín lówó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi flyer bá a sọ̀rọ̀. Ẹ pe orúkọ ẹ̀, ẹ ní "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta", ẹ bi í léèrè ọmọ, kẹ́ ẹ fi àdírẹ́sì tó lè fèsì sí ránṣẹ́. Plain text ló tọ́ sí ìyẹn. Ó ń gbé àmì ohùn wa náà o, tí wọ́n bá ti fi UTF-8 ránṣẹ́. Ẹni tó ní kò lè gbé e, irọ́ ló ń pa.

Ẹ sì lè fi méjèèjì ránṣẹ́ nínú ímeèlì kan náà. Multipart ni wọ́n ń pè é, láti àwọn ọdún 1990 ló ti wà: áàpù ẹni tó gbà á ló máa mú èyí tó bá lè gbé. Ẹ bi oníṣẹ́ yín bóyá ó fi apá ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé sí i, kẹ́ ẹ sì kà á fúnra yín, torí èyí tí ẹ̀rọ bá dá ṣe máa ń rí játijàti.

Ẹlòmíì á ní plain text kì í wọ spam. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kejì 2024, Google àti Yahoo ti ní kí ẹni tó ń fi ímeèlì púpọ̀ ránṣẹ́ ní SPF, DKIM àti DMARC lórí domain rẹ̀. Ti Gmail, tó bá ti tó 5,000 lójúmọ́. Aṣọ tí ímeèlì wọ̀ ò lè rọ́pò ìyẹn.

Wọ́n á tún ní HTML ló ń jẹ́ ká mọ iye ẹni tó ṣí i. Àwòrán kékeré kan tí ojú ò rí ni wọ́n fi ń kà á. Láti 2021, Apple Mail lè gbé àwòrán yẹn wọlé ṣáájú kí ẹni náà tó ṣí ímeèlì rárá, tó bá ti gbà kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Iye ẹni tó fèsì àti iye ẹni tó sanwó ni kẹ́ ẹ kà jàre.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó da orúkọ àwọn oníbàárà pọ̀, kó pín in sí méjì, kó fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ lọ́nà méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Tí orúkọ yín ò bá ju 200 lọ, tí apá kan fi èsì méjì péré ju èkejì, ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ẹ ṣe é tó ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ ju ohun tẹ́ ẹ bá rí sínú gúrúùpù níbí, mò ń gbọ́ yín.