Okùn Ahọ́n Tí Ó Gba Ilé Etí Kọjá



Bí ẹnì kan bá wí pé etí ni a ṣe iṣẹ́ abẹ sí fún òun, ṣùgbọ́n pé ẹnu òun ni kò mọ adùn ọbẹ̀ mọ́, àwa lè rò pé àìsàn ni ó ń fọhùn. Òtítọ́ ni ó ń sọ. Ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀, nítorí àìmọ̀ a máa dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé.

Lẹ́yìn awọ tí à ń pè ní ìlù etí, yàrá kékeré kan wà, níbi tí egungun wẹ́wẹ́ mẹ́ta ti ń gbé ìró lọ sí inú etí lọ́hùn-ún. Láàárín méjì nínú wọn ni iṣan kan tín-ín-rín bí òwú gbà kọjá. Ní èdè Látìnì, chorda tympani ni orúkọ rẹ̀, èyí ni okùn ìlù. Síbẹ̀ kì í ṣe ìránṣẹ́ etí. Ìránṣẹ́ ahọ́n ni. Òun ni ó ń ròyìn iyọ̀, dídùn, kíkan àti kíkorò fún ọpọlọ, láti ìdá méjì nínú mẹ́ta ahọ́n níwájú, ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Òun náà ni ó ń mú kí itọ́ sun lábẹ́ ahọ́n.

Nígbà tí oníṣègùn bá ń tún ìlù etí tí ó ti lu ṣe, tàbí tí ó ń fi àtọwọ́dá rọ́pò egungun etí tí kò mì mọ́, gẹ́gẹ́ bí Dókítà John Shea ti ṣe ní Memphis ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1956, iṣan yìí wà ní ọ̀nà abẹ. Ó lè nà. Nígbà mìíràn ó di dandan kí a gé e. Nígbà náà ni aláìsàn a máa tọ́ irin wò ní ẹnu, apá kan ahọ́n a dà bí ẹni pé ó kú, ẹnu a sì gbẹ. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí a máa rọlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan. Lára àwọn díẹ̀, kì í tán.

Nítorí náà, kí ọkọ má ṣe bá aya rẹ̀ jà nítorí ọbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé a fi májèlé sí oúnjẹ òun. Bí ó bá ṣe ẹni tí ń dáná, kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a tọ́ iyọ̀ wò. Kí aláìsàn sì bi oníṣègùn léèrè ṣáájú, pàápàá bí a bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí etí kejì rí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí sá fún iṣẹ́ abẹ. Àrùn etí tí ń ṣọyún, tí ó sì ń jẹ egungun, lè dé ọpọlọ, ó sì lè pa ènìyàn. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti mọ èyí tí ó wúwo jù nínú méjèèjì.