Kí Ẹ Tó Fọwọ́ sí Ìwé Dókítà Ẹranko

Bí dókítà ẹranko bá fẹ́ la ajá yín, yóò kọ́kọ́ gbé ìwé kan síwájú yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn a máa bínú. Wọn a ní, "Àbí ó ti mọ̀ pé yóò kú ni?" Rárá o. Ajá kò lè sọ pé òun gbà. Olówó rẹ̀ ni í gbà fún un. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a rán ọmọdé mú un lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú abo ajá kan tí ó ti dàgbà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí akọ ti ń tẹ̀lé e kiri, kò jẹun mọ́, omi ni ó ń mu ṣáá. Ọyún ti kún ilé ọmọ rẹ̀. Dókítà ní òun yóò yọ ilé ọmọ náà. Olówó ajá ní, "Ọmọ tí mo fẹ́ kí ó bí ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, ẹ bi í kí abẹ tó kàn án. Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà? Èló ni? Bí ẹ bá rí ohun mìíràn nínú rẹ̀, ṣé kí ẹ yọ ọ́ ni, àbí kí ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi? Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kan rò ó o. Bí ilé ọmọ náà bá bẹ́, ajá lè kú.

Oògùn oorun náà tún wà níbẹ̀. Ajá tí ó ti jẹun lè bì nínú oorun, kí èébì sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí ó bá ti jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀, tàbí tí ẹ ti fún un ní àgbo, ẹ má tijú, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó gún un lábẹ́rẹ́.