Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́ Ìkẹyìn: Ìtọ́jú Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gba Ìwòsàn Jẹjẹrẹ Tán

(Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ètò ìròyìn bá àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ)

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà. A ti ń kìlọ̀ fún yín nígbà gbogbo pé bí obìnrin bá rí kókó nínú ọmú, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀ ní àkókò tí kò yẹ, kí ó yára lọ sí ilé ìwòsàn. Ìkìlọ̀ náà dára, a kò sì ní dẹ́kun láti máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ìkìlọ̀, tí ó lọ, tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, tí dókítà sì wí fún pé kí ó máa lọ sílé, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀? Nípa ẹni bẹ́ẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1907 ni Dókítà George Green, oníṣègùn Ìjọ Onítẹ̀bọmi, dé sí ilẹ̀ wa, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn. Ilé ìwòsàn tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde ni ó di Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen ní ọdún 2009. Ìlú kan náà ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ladoke Akintola wà. Ní Ìbàdàn, a ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní ọdún 1957, láti ọdún 1960 ni a sì ti dá ìwé àkọsílẹ̀ àwọn alárùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí jẹjẹrẹ bá mú, ilé ni í padà sí láti dúró de ikú. Lónìí, ẹni tí ó bá tètè lọ lè padà sílé láti yè.

Ohun titun ni èyí jẹ́ nínú agbo ilé wa. A mọ bí a ti ń gba ìyá ìkókó: a ó gbé omi gbígbóná kaná fún un, a ó bá a gbé ọmọ, a kò ní jẹ́ kí ó gbé odó. A mọ bí a ti ń bá ọlọ́fọ̀ jókòó. Ṣùgbọ́n àṣà wo ni a ní fún ẹni tí ó ti ọ̀dọ̀ oníṣègùn jẹjẹrẹ bọ̀? A ó ṣe ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, a ó pa adìyẹ, lọ́jọ́ kejì a ó sì retí kí ó padà sí ọjà. Níbẹ̀ ni ewu wà.

Ewu kìíní wà nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ tí ń pa jẹjẹrẹ a máa dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù pẹ̀lú, èyí tí í bá kòkòrò àrùn jà nínú ara. Láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ funfun náà sábà máa ń kéré jù. Nítorí náà, bí abẹ́rẹ́ ìkẹyìn tilẹ̀ ti kọjá, iṣẹ́ rẹ̀ kò tí ì tán nínú ara. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná nínú ilé wa, a ó ní ibà ni. A ó ra oògùn ibà, a ó fi aṣọ bò ó, a ó sì dúró wò ó di ọjọ́ kẹta. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ọjọ́ kẹta lè pẹ́ jù. Bí ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ìgbóná ara bá fi 38 hàn, tàbí bí òtútù bá ń mú un tí ó ń gbọ̀n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní wákàtí náà, ìbáà ṣe òru.

Ọ̀nà Ìbàdàn jìn: láti Ògbómọ̀ṣọ́ ó tó bí 100 kìlómítà, láti Ọ̀yọ́ ó lé ní 50. Ẹ má dúró de ọkọ̀ Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ fún nọ́ọ̀sì sì jẹ́ pé, "Ẹni yìí gba abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ní ọjọ́ báyìí." Nítorí èyí, kí aláìsàn tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ẹ bèèrè ìwé tí ó sọ irú jẹjẹrẹ tí ó ṣe é, iṣẹ́ abẹ tí a ṣe, orúkọ oògùn tí a fún un, àti ọjọ́ tí ó gbà á kẹ́yìn. Ẹ fi ìwé náà sí ibi tí ọmọdé pàápàá lè rí i mú wá.

Ohun kejì ni àárẹ̀. Àárẹ̀ yìí yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ti oko dé, nítorí oorun kò lè mú un kúrò tán. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ má pe é ní ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má sì fi aláìsàn sórí ẹní láti òwúrọ̀ di alẹ́, nítorí ìrìn díẹ̀díẹ̀ a máa dín àárẹ̀ náà kù. Kí ó rìn dé ilé kejì lónìí kí ó sì padà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kí ó rìn dé ìkòríta. Obìnrin tí a yọ kókó abẹ́ abíyá rẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ ọmú ní láti ṣọ́ apá ìhà náà. Kí ó máa ṣe eré apá tí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn bá a gún iyán, kí ẹlòmíràn bá a ro àmàlà ìkòkò ńlá, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀bẹ tàbí iná pa á lára níbẹ̀. Bí apá náà bá ń wú, kí ó tètè wí. Irun tí ó re a máa hù padà láàárín oṣù mélòó kan.

Ní ti oúnjẹ, kò sí oúnjẹ àjèjì kan tí a ní láti wá kiri. Ẹ̀wà, ẹyin tí ó jinná dáadáa, ẹja, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹ̀fọ́ ni yóò tún ara kọ́. Bí ẹnu bá ṣì ń dùn ún, ẹ din ata kù, ẹ fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ fi omi mímọ́ fọ èso kí ó tó jẹ ẹ́, kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀ sì kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọwọ́.

Ohun kẹta ni oògùn ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Àwọn obìnrin kan wà tí irú jẹjẹrẹ ọmú tí ó ṣe wọ́n ń gba agbára láti inú omi ara obìnrin. Oògùn oníhóró kan wà tí a ń pè ní tamoxifen, tí a máa ń fún wọn láti lò lójoojúmọ́ fún ọdún 5, nígbà mìíràn fún ọdún 10, kí jẹjẹrẹ má bàa padà. Ẹ wo ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀: ara ti yá, kò sí ìrora, owó kò sì pọ̀ nílé, a ó wí pé kí ni a tún ń lo oògùn fún? A ó fi í sílẹ̀ ní oṣù kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kọ́ odi ilé tán, tí kò bò ó, ṣe ń fi iṣẹ́ rẹ̀ fún òjò. Kí ẹnìkan nínú ilé máa bèèrè ní òwúrọ̀ pé, "Ìyá, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Obìnrin tí ó ń lo oògùn yìí kò gbọdọ̀ lóyún, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dà lára ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, kí ó sọ fún dókítà kíákíá.

Bákan náà ni ọjọ́ àyẹ̀wò. Fún jẹjẹrẹ ọmú, a sábà máa ń rí dókítà ní oṣù 3 sí oṣù 6 síra wọn fún ọdún 3 àkọ́kọ́. Ní ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún, ní oṣù 6 sí oṣù 12. Lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí kókó titun bá yọ, bí ikọ́ bá kọ̀ tí kò lọ, bí egungun bá ń dunni lójoojúmọ́, tàbí bí ara bá ń gbẹ láìnídìí, kí a má dúró de ọjọ́ tí ó wà lórí káàdì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè nípa àgbo. N kò bú ìṣègùn àwọn bàbá wa. Oògùn kan wà tí a ń pè ní vincristine, tí a fi ń wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Láti ara òdòdó kan tí a ń gbìn síwájú ilé nílẹ̀ wa pẹ̀lú ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yọ ọ́ wọn ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí bí ó bá lé díẹ̀, májèlé ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe já òdòdó sè nítorí ọ̀rọ̀ mi yìí. Ẹ̀dọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lábẹ́ oògùn líle kò lè gbé àgbo tí ẹnìkan kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo ohunkóhun, ẹ mú un lọ fi han dókítà yín kí ẹ tó lò ó.

Ohun kẹrin ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwa ènìyàn. Jẹjẹrẹ kì í ràn. A lè bá a jẹun nínú àwo kan, ó lè gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n nígbà tí agbára rẹ̀ bá padà. Ẹni tí ẹ̀rọ fi ìtànṣán wò láti òde ara kò gbé ìtànṣán náà wálé, kò sì lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ẹ̀yin ọkọ, ọmú tí a gé kò sọ aya yín di ẹlòmíràn. Ohun tí ó dákẹ́ jù ni ẹ̀rù. Ẹni tí ó gba ìwòsàn tán a máa jí lóru, a máa rò pé bóyá ó ti padà dé. Bí ó bá sì sọ ọ́ jáde, a ó ké mọ́ ọn pé, "Má fi ẹnu rẹ sọ ọ́! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Inú rere ni a fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n a ti pa á lẹ́nu mọ́, òun nìkan ni yóò sì máa gbé ẹrù náà. Ẹ jẹ́ kí ó sọ tinú rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ tó ṣe àmín.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Òfin ọdún 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di ohun tí ó kan gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ wa sì ní àjọ tirẹ̀ fún un. Ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì bèèrè ohun tí yóò san àti ohun tí kò ní san, kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní Akẹ̀sán àti ní Ọjà Igbó, ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá aṣọ kan náà fún àríyá, owó ọkọ̀ àyẹ̀wò fún ẹgbẹ́ yín kan láàárín ọdún kan kò lè wó ẹgbẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ẹ̀yin ará, oníṣègùn ti ṣe tiwọn, aláìsàn sì ti fara da ohun tí ó le. Ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ àwa tí a wà nílé. Ẹ jẹ́ kí a fi àṣà titun kún àwọn tí a jogún: pé ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ oníṣègùn jẹjẹrẹ bọ̀, a ó tọ́jú rẹ̀ bí a ti ń tọ́jú ìyá ìkókó, títí agbára rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò.